Schola: Bí Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Kan Ṣe Di Ọmọ Látìnì, àti Ohun tí Gírámà Rẹ̀ Fi Kan Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ ṣe àbẹ̀wò sí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní TP. Kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń kọ́. Nígbà tó parí iṣẹ́, mo gba ìwé àròkọ àwọn ọmọ náà yẹ̀ wò. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé òun fẹ́ràn súkúù òun nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ òun wà. Kò fi àmì ohùn kankan sórí ohunkóhun tó kọ. Olùkọ́ wa kò bá àmì ohùn jà. Ọ̀rọ̀ náà, súkúù, ló fa gègé pupa là, ó kọ ilé-ìwé sí òkè rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí etí ìwé pé, "Èyí kì í ṣe Yorùbá." Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í pé kí ló dé. Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Sà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ àyálò ń ba èdè jẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kò tilẹ̀ wá sí èmi tàbí òun lọ́kàn lọ́jọ́ náà pé sà tó fi ṣí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àyálò ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọpa súkúù lọ sẹ́yìn. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti yá a, Gẹ̀ẹ́sì yá a lọ́wọ́ Látìnì, Látìnì sì yá a lọ́wọ́ Gíríìkì. Apá Látìnì nínú ìtàn yìí ni bébà yìí dá lé, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè rí i kedere, nínú àkọsílẹ̀ tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, bí èdè kan ṣe ń gba ọ̀rọ̀ àlejò tí ó sì ń sọ ọ́ di ọmọ ilé. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé gírámà èdè tó gba ọ̀rọ̀ ló ń jọba lé ọ̀rọ̀ náà lórí, kì í ṣe gírámà ibi tó ti wá. Ìtumọ̀ náà kò yàtọ̀: ìwọ̀n tí àyè bá wà fún nínú ilé tuntun ló ń bá ọ̀rọ̀ wọlé.

Skholē ní ilẹ̀ Gíríìkì

Nínú èdè Gíríìkì àtijọ́, skholē kì í ṣe ilé, kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́. Àwọn onímọ̀ èdè so ó mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe ekhein, tó túmọ̀ sí kí èèyàn di nǹkan mú, tí ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn jẹ́ skhein. Ẹni tó bá di nǹkan mú lè dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni skholē ṣe jẹ́ ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́: àyè, ìsinmi, àsìkò tí ọwọ́ èèyàn dilẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì wọ èèyàn lọ́rùn, askholia ló wà, èyí tí a lè pè ní àìráyè láìfi ọ̀rọ̀ kankan ṣòfò, nítorí pé iṣẹ́ tí àì- ń ṣe nínú àìráyè gan-an ni a- ń ṣe níbẹ̀. Àwọn Gíríìkì rí àyè gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì rí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àìsí rẹ̀.

Aristotle kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwà àti nínú èyí tó kọ lórí ìṣèlú. Lójú rẹ̀, tìtorí kí a lè ráyè ni a ṣe ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń jagun ṣe ń jà kí àlàáfíà lè wà. Ẹni tó bá ráyè ni yóò lè ronú, tí yóò lè bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jíròrò. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí àsìkò tó wà sórí ohun tí wọ́n ń fi àsìkò náà ṣe: ìjíròrò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí àwọn tó ń péjọ gbọ́ ọ, àti ibi tí wọ́n ń péjọ sí. Nínú Májẹ̀mú Titun tí wọ́n kọ ní èdè Gíríìkì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni skholē jẹ yọ, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń báni sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ní skholē Tíránù ní Éfésù. Nígbà náà ó ti di ibi tí èèyàn lè wọlé sí, tí ó sì lè jáde níbẹ̀.

N kò fẹ́ kí a gbàgbé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ àwọn wọ̀nyí dilẹ̀. Ẹrú ni. Aristotle kò fi í pamọ́: ó ní àyè kò sí fún ẹrú. Ní àpérò kan tí mo lọ, olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì ibẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún wa pé ìsinmi ni ìtumọ̀ gidi tí school ní, nítorí náà kí a jẹ́ kí ọmọ máa ṣeré níbẹ̀. A pàtẹ́wọ́ fún un. Mo gbà pé kí ọmọ máa ṣeré. Eré dára fún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó gbé wá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ ní ní Átẹ́ńsì ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ó lé sẹ́yìn, láàárín àwọn ọkùnrin tí ẹrú ń bá ṣiṣẹ́, kò lè pàṣẹ fún kíláàsì wa. Ìtumọ̀ yẹn kò tilẹ̀ dé Róòmù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i.

Ohun tó wà ní Róòmù kí àlejò tó dé

Kí schola tó wọ Látìnì, àwọn ará Róòmù ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún ibi tí ọmọdé ti ń kọ́ ìwé. Ludus ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún eré. Èyí rú àwọn onígírámà wọn lójú. Nígbà tí Quintilian, ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Sípéènì lónìí, ń kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí bí a ṣe ń kọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ní nǹkan bí ọdún 95, ó mẹ́nu ba àwọn tó ń sọ pé ludus gba orúkọ yẹn nítorí pé ó jìnnà pátápátá sí eré. Ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń na ọmọ ní ludus yóò mọ ibi tí àwàdà náà ti wá. Quintilian fúnra rẹ̀ lòdì sí nína ọmọ, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kedere, ní àkókò tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń rò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n ní ni otium: àyè, ìsinmi, ọwọ́ tó dilẹ̀. Iṣẹ́ àti òwò sì ni negotium, tí í ṣe àìsí otium. Ẹ ṣàkíyèsí pé bí Gíríìkì ṣe dá skholē àti askholia, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Látìnì dá otium àti negotium, láti inú ohun èlò ara rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti dùn nìyí. Nígbà tí skholē kan ilẹ̀kùn Róòmù, ẹnì kan ti jókòó sórí àga ìsinmi. Àga kan ṣoṣo ló ṣófo: Látìnì kò ní ọ̀rọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn àgbà, irú èyí tí olùkọ́ ọgbọ́n orí ń ṣe níwájú àwọn tó ti kọjá ọmọ ludus. Orí àga yẹn ni schola jókòó sí.

Bí ẹ̀kọ́ Gíríìkì ṣe wọ Róòmù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìtàn tó gún régé. Livius Andronicus, Gíríìkì tó wá láti Tarentum, kọ́ni ní Róòmù ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi (Ṣ.K.), ó sì tú Odyssey sí Látìnì. Ní nǹkan bí ọdún 168 Ṣ.K., ọba Pergamum rán Crates ará Mallus wá gẹ́gẹ́ bí ikọ̀. Suetonius ròyìn pé ó jìn sí ojú ihò gọ́tà kan ní Róòmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó sì ń fi àsìkò tí ẹsẹ̀ náà ń jiná dá àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ lórí gírámà. Ìyẹn ni mo mọ̀ sí skholē tó bá orúkọ rẹ̀ mu! Ṣùgbọ́n ní 161 Ṣ.K., ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pàṣẹ kí àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí àti àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kúrò nílùú. Ní 92 Ṣ.K., àwọn alámòójútó ìwà ìlú méjì tún kéde pé àwọn kò fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́. Ludus ni wọ́n pe ibẹ̀ nínú ìkéde wọn. Cato Àgbà, tó kórìíra ohun Gíríìkì, fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ẹrú kan tó ń jẹ́ Chilo, tí í ṣe olùkọ́ dáadáa. Plutarch sọ pé kò fẹ́ kí ẹrú fa ọmọ òun létí. Ó sì jẹ́ kí Chilo máa kọ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó máa fi di ọdún 45 Ṣ.K., Cicero kọ ìwé márùn-ún lórí ìjíròrò ọjọ́ márùn-ún tó wáyé ní ilé rẹ̀ ní Tusculum, ó sì pe ìjíròrò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní schola, ó fi kún un pé bí àwọn Gíríìkì ṣe ń pè é nìyẹn. Àlàyé yẹn fi hàn pé àlejò ni ọ̀rọ̀ náà ṣì jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kan lẹ́yìn náà, Seneca lè ráhùn nínú lẹ́tà pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ kò wúlò kọjá schola, kò sì tọrọ gáfárà kankan fún ọ̀rọ̀ náà. Ó ti di ọmọ ilé.

Ẹ̀ka kan wà tí mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà kí a má baà sọ pé mo fi ẹ̀rí pamọ́. Vitruvius, tó kọ̀wé lórí ilé kíkọ́, lo schola fún àyè tó yí agbada omi ká ní ilé ìwẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró kó kàn wọ́n. Wọ́n tún ń lò ó fún àga òkúta tó rí bí ìdajì òṣùpá. Irú rẹ̀ wà níbi ibojì Mamia ní Pompeii. Níhìn-ín, òórùn ìdádúró àti ìsinmi ṣì ń ta lára ọ̀rọ̀ náà. Ó jọ pé ibi tí otium kò ti lè dé ló sá pamọ́ sí. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ sì pe gbọ̀ngàn ìpàdé wọn ní schola, títí tó fi di orúkọ fún ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Kristi, ẹ̀ṣọ́ ọba pàápàá ń jẹ́ scholae. Àwọn tó gbé idà wọ̀nyí kò ní àyè láti sinmi.

Gírámà rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìró. Gíríìkì ní kọ́ńsónáǹtì kan tí wọ́n ń fi èémí gbé jáde lẹ́yìn k, tí a ń kọ ní kh. Látìnì kò ní irú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ará Róòmù ṣe ni ohun tí àwa náà ń ṣe: ó lo èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú èdè rẹ̀, ó sì kọ c. Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ ṣe ní 186 Ṣ.K. nípa ọdún òrìṣà Bacchus, tí wọ́n fín sára bàbà, wà títí dòní. Bacanal ló wà níbẹ̀, láìsí h. Nígbà tí ẹ̀kọ́ Gíríìkì gbilẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ch, wọ́n sì ń gbìyànjú láti pè é. Ibẹ̀ ni h ti inú schola ti wá: ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi í bù fún Gíríìkì. Ọ̀wọ̀ náà sì di àrùn fún àwọn kan, tí wọ́n ń fi h sí ibi tí kò yẹ kó wà. Akéwì Catullus fi ọ̀kan nínú wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹni tó ń fi h kún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi hàn pé òun kàwé yóò mọ ohun tí Catullus ń sọ.

Lẹ́yìn ìró ni ìparí ọ̀rọ̀. Ní Gíríìkì àti Látìnì, ọ̀rọ̀ orúkọ ń yí ìparí rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀ nínú gbólóhùn. Èyí ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá láti gbà, nítorí pé súkúù ni súkúù ń jẹ́, ì báà ṣe olùwà, ì báà ṣe àbọ̀. Ní Gíríìkì ti Átẹ́ńsì, bí ó bá jẹ́ olùwà, skholē ni. Bí nǹkan bá jẹ́ tirẹ̀, skholēs. Bí a bá fún un ní nǹkan, skholēi. Bí ó bá jẹ́ àbọ̀, skholēn. Látìnì wo ọ̀rọ̀ náà, ó rí i pé abo ni, ó sì ní agbo ọ̀rọ̀ abo tirẹ̀ tó parí sí -a, bíi puella tó jẹ́ ọmọbìnrin àti mensa tó jẹ́ tábìlì. Ó ti àlejò sínú agbo náà: schola, scholae, scholae, scholam. Ó wá fún un ní ohun kan tí kò ní rí nílé bàbá rẹ̀. Gíríìkì kò ní ìparí tó dá dúró fún ipò kan tí Látìnì ní, èyí tó máa ń tẹ̀ lé in láti sọ ibi tí nǹkan wà, àti e láti sọ ibi tí èèyàn ti jáde. Nítorí náà Látìnì dá scholā, tí ìró a ìparí rẹ̀ gùn. In scholā ni ó wà ní súkúù. In scholam ni ó ń lọ sí súkúù. Ìyàtọ̀ tí Yorùbá ń fi ní àti sí ṣe, ìparí ọ̀rọ̀ ni Látìnì fi ṣe é, ó sì fi í sára ọ̀rọ̀ tí kò mọ nǹkan bẹ́ẹ̀ rí.

Kì í ṣe gbogbo àlejò ló gbà bẹ́ẹ̀. Epitome, tó jẹ́ ìkékúrú ìwé, pa ìparí Gíríìkì rẹ̀ mọ́. Grammatica sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ grammatice, tí ẹnikẹ́ni lè mú èyí tó wù ú. Ẹ wo schema náà: ní Gíríìkì kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, ṣùgbọ́n Plautus, tó ń kọ eré fún gbogbo ìlú, gbọ́ -a ní ìparí rẹ̀, ó sì lò ó bí abo. Ohun tí mo rí kà nínú àwọn àpẹẹrẹ yìí ni pé ọ̀rọ̀ tó bá ti dé ẹnu gbogbo èèyàn ni gírámà ilé ń gbà mọ́ra. Èyí tó bá kù sọ́wọ́ àwọn akọ̀wé nìkan ló ń pẹ́ nínú aṣọ àlejò.

Èyí tó wú mi lórí jù ni àwọn ọmọ tí schola bí. Scholasticus kò kàn wá púpọ̀, nítorí pé odindi ni Látìnì yá a. Ṣùgbọ́n scholaris, ará Róòmù ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Látìnì ní àfòmọ́ ìparí kan, -alis, tó ń sọ ọ̀rọ̀ orúkọ di ọ̀rọ̀ àpèjúwe: navalis jẹ́ ti ọkọ̀ ojú omi, mortalis jẹ́ ti ikú. Bí l bá ti wà nínú ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, etí wọn kò fẹ́ l méjì, -alis á sì di -aris: popularis, lunaris, militaris. Schola ní l. Nítorí náà scholaris ni, kì í ṣe scholalis. Òfin ìró Látìnì mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú.

Kíláàsì mi ti rí irú èyí rí láìmọ̀. Oní- ní Yorùbá: oní pẹ̀lú mọ́tò di onímọ́tò, ṣùgbọ́n níwájú fáwẹ̀lì bíi a, n á di l, fáwẹ̀lì rẹ̀ á sì tẹ̀ lé ti iwájú: oní pẹ̀lú aṣọ di aláṣọ. Kí ni à ń pe ẹni tó ń ta àlùbọ́sà? Alálùbọ́sà ni. Ọwọ́ Haúsá ni àlùbọ́sà ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá. Àl- ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gírámà Lárúbáwá ni nílé rẹ̀, tó ń tọ́ka sí ohun tí a ti mọ̀. Lọ́dọ̀ wa ó ti kú sínú ọ̀rọ̀ náà, òfin oní- sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí aṣọ. N kò tíì rí olùkọ́ tó fa gègé pupa la àlùbọ́sà.

Àwọn tó bínú

Ẹ má rò pé gbogbo Róòmù ló gbà pẹ̀lú ìdùnnú. Suetonius sọ pé Tiberius, tó jọba láti ọdún 14 sí 37, fẹ́ lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà monopolium ní ilé ìgbìmọ̀, ó sì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Nígbà tí wọ́n ka emblema nínú ìwé àṣẹ kan, ó ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ Látìnì sí i, bí kò bá sì sí, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo rí ara mi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi pẹ̀lú gègé pupa wa.

Cicero gba ọ̀nà mìíràn. Níbi tí ó ti rọrùn, ó dá ọ̀rọ̀ Látìnì tuntun: qualitas ni ó fi rọ́pò poiotēs ti Gíríìkì, òun ló sì bí quality tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ṣùgbọ́n philosophia àti rhetorica, ó ní wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ohun kan náà ni àwọn àgbà onímọ̀ wa ṣe nígbà tí wọ́n ń ṣètò èdè-ìperí fún ìmọ̀ Yorùbá: wọ́n dá ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe, wọ́n sì gba fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì wọlé.

Quintilian ló wá bọ́ sí àárín méjèèjì, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ó bèèrè ìbéèrè tiwa gan-an: ṣé kí a yí ọ̀rọ̀ Gíríìkì gẹ́gẹ́ bí Gíríìkì ni, àbí gẹ́gẹ́ bí Látìnì? Ó ní ti Látìnì ni òun ń tẹ̀ lé, títí dé ibi tí kò bá ti ní kọ etí. Ó rántí pé àwọn àgbà a máa yọ n kúrò ní ìparí orúkọ Gíríìkì, nítorí pé Látìnì ò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Platōn ni ọkùnrin náà ń jẹ́ ní Átẹ́ńsì. Róòmù sọ ọ́ di Plato. Gbogbo ayé ń pè é ní Plato títí dòní, kò sì sí ẹni tó sọ pé wọ́n ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Láti schola dé súkúù

Nígbà tí Látìnì ń dàgbà lẹ́nu àwọn ará ìlú, wọn kò fẹ́ràn s tí kọ́ńsónáǹtì mìíràn tẹ̀ lé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n fi fáwẹ̀lì síwájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni escuela ti Sípéènì ti wá, àti escola ti Potogí, àti école ti Faransé, tí s rẹ̀ ti rá. Gẹ̀ẹ́sì kò fi nǹkan síwájú tirẹ̀. Scōl ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, kí wọ́n tó dá h padà sínú rẹ̀ nítorí Látìnì. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí Kúbà bá escuela pàdé, èyí tó wà ní Bràsíìlì bá escola pàdé, àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ lábẹ́ Faransé bá école pàdé. Àwa tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe àkóso wa, school ló dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí àwọn CMS dá Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, tí Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà nínú orúkọ náà ló ti Gíríìkì gba Látìnì kọjá wá. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ti di gírámà, tí àwọn èèyàn wa ń lò fún Gẹ̀ẹ́sì kàǹkà-kàǹkà tí kò yé ẹnikẹ́ni.

Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì méjì sún mọ́ra láìsí fáwẹ̀lì láàárín wọn, kì í sì í fi l parí ọ̀rọ̀. Ará Róòmù fi fáwẹ̀lì síwájú s. Àwa fi u sí àárín s àti k, a mú un bá u tó wà níwájú mu. L ìparí, a kò fi fáwẹ̀lì gbè é bí a ṣe gbe ti bọ́ọ̀lù; a jẹ́ kó lọ. A fi ohùn òkè lé e lórí, a sì jẹ́ kí ó wálẹ̀ ní ìparí. Bí wọ́n bá pọ̀, àwọn súkúù ni, s ti Gẹ̀ẹ́sì kò débẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ náà kò wọlé tán, nítorí pé ilé-ìwé àti ilé-ẹ̀kọ́ ti wà lórí àga: ìwé àṣẹ ìjọba á kọ ilé-ẹ̀kọ́, ìyá á sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó tètè múra súkúù. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi tiwa, tí ọmọ Haúsá tó ń sọ makaranta àti ọmọ Ígbò tó ń sọ ụlọ akwụkwọ jókòó sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ Yorùbá, ó rọrùn láti rò pé àwọn méjì yẹn ló pa èdè wọn mọ́, tí àwa sì sọ tiwa nù. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé kò lọ síbì kankan. Àwọn méjèèjì jọ wà ni, bí ludus àti schola ṣe jọ wà ní Róòmù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kálukú mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Mo padà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yẹn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo sọ fún olùkọ́ wa pé èmi ni mo ṣì í lọ́nà, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ìwé ọmọbìnrin náà padà. Ó kọ ọ̀rọ̀ tó ti fà là náà padà sí ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ni a jọ jókòó ti ọmọ náà, tí a sì kọ́ ọ ní ohun tó yẹ ká ti fi gègé pupa tọ́ka sí lọ́jọ́ kìíní: àmì ohùn òkè lórí u àkọ́kọ́, òmíràn lórí èkejì, àti ohùn ìsàlẹ̀ lórí èyí tó gbẹ̀yìn.